Wọ́n Fẹ́ràn Rẹ̀, Wọn Ò Fẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú èdè wa. Ìyá aránṣọ ni mí, Ajílósun níbí l'Ádó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, a kì í jẹ́ kí ìwé yín fò wá dá lọ́sẹ̀ kankan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló máa ń kà á sókè, àwa tó kù á máa tẹ máṣíìnì lọ, tó bá dé ibi tó dùn a ó ní kó tún un kà.

Bàbá kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí, ẹ sì gbé e jáde. Wọ́n ní fíìmù òkèèrè ti gba orí àwọn ọmọ wa, tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń wo ti Kòríà, ti Íńdíà, títí dé ti Rọ́ṣíà, wọ́n wá ń bèèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ tó ń wọ gáùn gbálẹ̀. Mi ò ní bá bàbá jiyàn lórí dátà tí àwọn ọmọ ń fi ṣòfò, òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní kò kàn wá yẹn, mi ò lè gbé e mì. Èmi náà ti wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Rọ́ṣíà yẹn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan báyìí mi ò gbọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ ó ti lé lóṣù kan tí ọmọbìnrin inú ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi, tí mo bá ń gé aṣọ lọ́wọ́ màá ṣàdédé dúró.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń kàwé yín fún wa yẹn náà ló wá a jáde lórí YouTube. Mosfilm, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Mọsko, àwọn fúnra wọn ló gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀, ọmọ náà ń kà á ó ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Apá méjì ni, gbogbo ẹ̀ lé ní wákàtí méjì, alẹ́ mẹ́ta la fi wò ó torí ọ̀rọ̀ iná. Orúkọ ẹ̀ lédè wọn ni Zhestokiy romans. Romans lọ́dọ̀ tiwọn, orin ni, orin ìfẹ́ tí wọ́n ń ta gìtá sí, zhestokiy ni ìkà, ẹ pè é ní orin ìfẹ́ tó níkà nínú. Eldar Ryazanov ló darí ẹ̀, 1984 ló jáde. Inú eré orí ìtàgé kan ló ti mú un, èyí tí Alexander Ostrovsky kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fáwọn èèyàn wò ní Mọsko lọ́dún 1878.

Orúkọ eré yẹn ló kọ́kọ́ mú mi. Bespridannitsa. Ọmọbìnrin tí kò ní ẹrù ìyàwó nìtumọ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ tiwọn nígbà yẹn kì í ṣe ilé ọkọ ló ń gbé owó wá, ilé ìyàwó ló ń kó owó àti ilẹ̀ àti dúkìá tẹ̀lé ọmọ wọn. Ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá ní nǹkan tí wọ́n máa dì fún un, ó lè rẹwà bí egbin, ó lè mọ̀wé, ó lè mọ orin kọ, wọ́n á máa wá kí i nílé, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbọ́ orin ẹ̀, wọ́n á lọ sílé wọn. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ wọn ò fẹ́ ẹ.

Larisa lorúkọ ọmọ náà, Larisa Ogudalova. Ìlú kan lẹ́bàá odò Volga ni wọ́n ń gbé. Bryakhimov ni Ostrovsky pe ìlú náà, àtinúdá tiẹ̀ nìyẹn, Kostroma ni Ryazanov ti lọ yà á, ẹ sì máa mọ̀ pé odò tòótọ́ lẹ̀ ń wò, odò tó gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà lọ, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ó ń bọ̀, àwọn oníṣòwò ń rìn létí odò. Ìyá ẹ̀ opó ni, ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí. Wọ́n ti fẹ́ àwọn méjì lọ, kò sì sí èyí tó bọ́ síbi ire níbẹ̀, nínú eré Ostrovsky ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ọkọ tí owú sọ di apààyàn, èkejì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó ilẹ̀ mìíràn kan tó jẹ́ gbájú-ẹ̀ lásán. Larisa ló kù nílé.

Ọkùnrin kan wá wà, Paratov, Nikita Mikhalkov ló ṣe é. Ọmọ ọlọ́lá ni, ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Lastochka, funfun báláú ló máa ń wọ̀, ẹṣin funfun ló gùn gorí afárá wọnú ọkọ̀. Èmi aránṣọ mọ iṣẹ́ tí aṣọ funfun ń ṣe lára ọkùnrin, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọkùnrin yìí máa bà mí ká ní èmi ni mo bí ọmọ náà, torí ẹni tó ń wọ funfun rìn nínú ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ ò ta sí i lára, ẹlòmíì ló ń fọ̀ ọ́. Níbì kan òjò rọ̀, omi dúró sílẹ̀, Larisa fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kò sí bó ṣe máa wọ̀ ọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní rin, Karandyshev, ọkùnrin kejì tí màá sọ̀rọ̀ ẹ̀, ń gbìyànjú láti ti kẹ̀kẹ́ náà, agbára ẹ̀ ò gbé e, Paratov wá, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ ọmọbìnrin yẹn. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló pariwo. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́, mi ò ní parọ́. Ta ni wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí ọkàn ẹ̀ ò ní lọ?

Paratov sì lọ láìdágbére. Ọkàn Larisa dàrú, ó dúró dè é títí ó sú u, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ wá báyìí lòun máa fẹ́, Karandyshev ló sì wá, akọ̀wé kékeré ni, tálákà, tó ti ń bá wọn bọ̀ tipẹ́tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Andrei Myagkov ló ṣe é, ó ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lálẹ́ àkọ́kọ́ àánú ẹ̀ ń ṣe mí, lálẹ́ kejì inú ń bí mi sí i. Torí kì í ṣe Larisa nìkan ló ń fẹ́, ó fẹ́ fi Larisa gbẹ̀san lára àwọn olówó tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pè wọ́n wá jẹun nílé ẹ̀, ọtí pọ́ọ́kú ló rà tó lẹ orúkọ ọtí olówó iyebíye mọ́ ìgò ẹ̀, wọ́n rọ ọ́ lọ́tí yó, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín lójú ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Paratov tó ti padà dé mú Larisa lọ sórí Lastochka, wọ́n gba ojú odò lọ tàwọn tàwọn akọrin, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó wá ń sọ fún un pé òun ti ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ olówó tó ní ibi ìwakùsà wúrà. Ó ti ta ọkọ̀ ẹ̀ ná. Owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ọba Rọ́ṣíà dá àwọn ẹrú oko sílẹ̀ lọ́dún 1861, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́lá tí kò mọṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n náwó lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọn oníṣòwò ló ń lówó, Paratov kúkú rí i pé ara òun náà ni nǹkan kan ṣoṣo tó kù tóun lè tà, ó tà á.

Ryazanov ṣe nǹkan kan tó dùn mọ́ mi. Nínú ìwé Ostrovsky, gbogbo ìtàn yìí kò ju ọjọ́ kan lọ, àárọ̀ dalẹ́, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ létí ara wọn. Òun kọ́, ó padà lọ gbé ọdún tó kọjá yẹn wá síwájú wa, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, ìdúródè, òjò, gbogbo ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ burúkú yẹn máa fi dé, àwa náà ti bá ọmọ náà dúró de ọkùnrin yẹn. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń dá fíìmù lẹ́jọ́ níbẹ̀ nígbà náà bá a wí gidi gan-an pé ó ba ìwé àgbà jẹ́. Àwọn èèyàn ò gbọ́ tiwọn, wọ́n tú jáde lọ wò ó. Ní Íńdíà lọ́dún 1985 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kín Wúrà níbi àjọ̀dún fíìmù wọn. Larisa Guzeeva tó ṣe ọmọbìnrin náà, fíìmù àkọ́kọ́ tó máa ṣe nìyẹn o. Orin tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ohùn Valentina Ponomaryova ni, àwọn obìnrin akéwì wọn, Marina Tsvetaeva àti Bella Akhmadulina, ló ni ọ̀rọ̀ inú púpọ̀ nínú àwọn orin yẹn. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ ọ́, yèyé mi ló wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe máa ń kọ alámọ̀ lẹ́yìnkùlé tí wọ́n bá rò pé kò sẹ́ni ńlé. Ẹni tó bá gbọ́ alámọ̀ rí ní Èkìtì mọ ohun tí mò ń wí, ọ̀rọ̀ tí obìnrin ò lè jókòó kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé orin ló máa gbé e jáde.

Ìyá Larisa ni mo tìtorí ẹ̀ mú bíírò.

Alisa Freindlich ló ṣe ìyá náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bú u títí. Wọ́n ní oníwọ̀ra ni, wọ́n ní ó ń ta ọmọ ẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé ẹ̀ kì í dá lálejò, pé ó máa ní kí ọmọ gbé gìtá kó kọrin fún àwọn olówó, á wá fọgbọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn lórúkọ ẹ̀bùn, lórúkọ aṣọ, lórúkọ ọjọ́ ìbí. Knurov, bàbá olówó tó ti dàgbà, tó ní ìyàwó nílé, òun náà ń yọwó. Gbogbo wọn mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n sì ń jẹ́ kó ṣe é torí pé ojú ọmọ náà ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó. Opó. Kò ní iṣẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́ta, nílùú tí wọn ò ti ní fẹ́ ọmọ ẹ láìsí owó. Kí ló kù tó máa ṣe? Mò ń wo ojú obìnrin yẹn nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín sáwọn àlejò, ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀, ìṣirò ló ń ṣe lọ. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti rí i lójú àwọn oníbàárà mi tó wá bèèrè iye tí mo máa gbà rán aṣọ ẹbí, tí wọ́n á ní ó dára, ó dára, tí wọ́n á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà pípẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Bàbá yẹn á ní àwa ò rí bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa ọkọ ló ń san owó orí. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Owó orí yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń dá a padà fún ọkọ lójú agbo, a ó ní a kì í tọ́mọ tà, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Iṣu, epo, oyin, obì, orógbó, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń pani ni èyí tí kò sí nínú líìsì. Họ́ọ̀lù ńkọ́? Ilé ìyàwó. Oúnjẹ igba èèyàn, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn? Ilé ìyàwó ni. Alága ìjókòó, kámẹ́rà, onílù, ohun tí wọ́n máa pín fún àlejò, kúlà oúnjẹ tí wọ́n máa gbé fún àwọn àna lọ́tọ̀, ilé ìyàwó ni gbogbo ẹ̀. Bí wọn ò bá ní, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé ẹ má fẹ́ wa lọ́mọ mọ́, ọmọlúàbí ni wá, a kì í sọ irú ẹ̀. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọjọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ọkọ á máa gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Bespridannitsa wà ní Èkìtì o, a kàn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin. Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, a ní ká ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ nínú pálọ̀, ká ṣe ìdána ní iwájú ilé lábẹ́ kénópì méjì, ká gúnyán, ká se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kí àwọn àna jẹun kí wọ́n sì mú ìyàwó wọn lọ. Ìyá ọkọ wò yíká pálọ̀ wa lọ́jọ́ tí wọ́n wá, wọ́n wo síìlì, wọ́n wo àga, wọ́n ní ó dáa. Ọkùnrin náà fẹ́ràn àbúrò mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo rí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fẹ́ ọmọ ẹni tó ní ilé epo. Àbúrò mi ò sunkún lójú wa, ó kàn dẹ́kun orin kíkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn la fi mọ̀. Ó ti di tísà báyìí, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n kò tíì padà sí ẹgbẹ́ akọrin títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú fíìmù, torí ibi tó burú jù kù. Lórí ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Paratov ti já a sílẹ̀, kò lè padà sílé, ojú ẹ̀ ti tì. Knurov àti Vozhevatov, oníṣòwò méjì, àwọn méjèèjì fẹ́ mú un lọ sí Párísì, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbé e níyàwó o, Knurov ní ìyàwó nílé. Wọn ò bi í. Wọ́n ju owó wẹ́wẹ́ kan sókè láàárín ara wọn, ẹni tí owó bá mú ló ni ín, èkejì ò gbọ́dọ̀ dá sí i mọ́. Knurov ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà Larisa bá Vozhevatov pàdé, àtikékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣeré, bí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí i, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gba òun nímọ̀ràn, kó kàn bá òun káàánú lásán, ó sì yí ojú kúrò, ó ní òun ò lè ṣe é, òun ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ oníṣòwò kì í yẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dìde kúrò nídìí fóònù náà. Ẹ wo èèyàn tó pa àdéhùn mọ́! Àdéhùn tó ṣe lórí owó wẹ́wẹ́ ló pa mọ́, èyí tó wà láàárín òun àti ọmọ tí wọ́n jọ dàgbà, kò rí i.

Karandyshev ló wá sọ fún Larisa pé wọ́n ti fi í ṣe ohun tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé, pé ẹrù lásán ni wọ́n kà á sí. Larisa gbà fún un. Ó ní tó bá jẹ́ ẹrù lòun, kóun kúkú jẹ́ ẹrù olówó ńlá. Ó fẹ́ tẹ̀ lé Knurov. Karandyshev yìnbọn fún un, pé bí kò bá ti jẹ́ tòun kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ, ẹ ṣé.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá ní kí ló dé tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa á. Mi ò mọ èsì tí mo máa fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lónìí ohun tí mo rò ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn kò sí ọkùnrin kan tó ṣe nǹkan fún un tí kò ní owó nínú, ìbọn yẹn nìkan ni wọ́n ò dá iye lé. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ ju ikú ẹ̀ lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń túmọ̀ fún wa ò sọ nǹkan kan, ó pa fóònù ẹ̀, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ló tó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ‘Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.’ Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ yìí ni ìdána tiẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kú, ìyá ẹ̀ ń yan gàrí ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn àna ti ní họ́ọ̀lù làwọn ń fẹ́ o, torí àwọn èèyàn àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó. Ìyá náà ti gba àjọ ẹ̀ tán, ó ti yá owó èlé, kò tíì dé ìdajì. Bàbá olówó kan ládùúgbò wá ní òun máa gbé gbogbo ẹ̀ ṣe, họ́ọ̀lù, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀, kí ọmọ náà ṣá máa yà kí òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde láàárín wọn. Owó àkọ́kọ́ ti wọ ọwọ́ ìyá, ó wà nínú àpótí, kò tíì ná an.

Ọmọ náà sọ fún mi pé nígbà tí òun ń ka ọ̀rọ̀ Knurov fún wa nísàlẹ̀ fíìmù yẹn, tó ń ṣèlérí Párísì fún Larisa, ohùn bàbá yẹn lòun ń gbọ́. Mo gbéra lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò bú ìyá náà. Ta ni mo jẹ́ tí màá bú u? Mo jókòó tì í nídìí agbada gàrí, mo sọ ìtàn obìnrin ará Rọ́ṣíà tó ń rẹ́rìn-ín sáwọn àlejò fún un. Ó ń ro gàrí lọ, kò gbójú sókè, nígbà tí mo dé ibi owó wẹ́wẹ́ ó dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó dá owó olówó padà.

Ẹ sọ fún bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn pé mo kí wọn, àgbà ni wọ́n, mi ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí yẹpẹrẹ. Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn pé ohun tí fíìmù òyìnbó ayé àtijọ́ fi kàn wá nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Lọ́dún 1878 tí wọ́n ń gbé eré Bespridannitsa jáde ní Mọsko, ọdún yẹn gan-an ni Fabunmi ṣíwọ́ sókè ní Òkè-Ìmẹ̀sí níbí, tó pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, tí ogun Èkìtìparapọ̀ fi gbiná. Bí wọ́n ṣe pa á nítàn fún wa, ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n fojú ẹ̀ gbolẹ̀. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ọdún tí Ostrovsky kú nìyẹn, 1893 sì ni wọ́n tó tú ká lójú ogun pátápátá. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni obìnrin kan dá sílẹ̀, mo mọ̀, ìjẹgàba Ìbàdàn ti rọ̀gbà yí wọn ká tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé méjèèjì síwájú ara wọn ẹ wò ó. Ní etí Volga, ọkùnrin mẹ́rin yí ọmọbìnrin kan ká, gbogbo wọn ń sọ pé àwọn fẹ́ràn ẹ̀, ẹyọ kan ò gbà kí nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ òun nítorí ẹ̀. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀dọ́kùnrin kan ní kí gbogbo ẹ̀ bọ́ o, kí ogun dé o, wọn ò ní fi ìyàwó òun ṣẹ̀sín. Ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá jẹ́, a sì ń dúró lórí họ́ọ̀lù àti kúlà ìrẹsì!

Ìtàn tiwa yẹn ńkọ́, ta ló máa yà á? Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù Yorùbá. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fara balẹ̀ lórí aṣọ, lórí ọkọ̀, lórí orin, wọn ò fi fóònù tàbí wíìgì Èkó bọ́ sínú ayé ọdún 1878. Bí ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ wá bá wa. Àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun kíjìpá ṣì wà ní Èkìtì, àwọn tó ń kọ alámọ̀ ṣì wà, wọn ò pọ̀ mọ́. Èmi á bá yín rán aṣọ ìyàwó Fabunmi, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, mi ò sì dá a. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn wà níbẹ̀.

Ohun tí a sọ fún àwọn àna nìyí: iwájú ilé ìyá ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ la ti máa ṣe é. Kénópì mẹ́ta. Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀bù la máa gúnyán, ẹran ìgbẹ́ máa wà níbẹ̀, aṣọ ìyàwó àti gèlè ẹ̀ àti aṣọ ìyá ẹ̀, èmi ni mo máa rán an láìgba owó. Àwọn ará Èkó tó ń bọ̀, àga á wà fún wọn. Ọkọ ìyàwó fúnra ẹ̀ ti pè, ó ní òun á bá àwọn òbí òun sọ ọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin àna wa, ẹ̀yin la ń retí o. Ilẹ̀kùn ò tì.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Ajílósun, Adó-Èkìtì.